Lẹ́yìn Tí Ẹni Tí Kò Nílé Bá Ti Gba Kọ́kọ́rọ́

Nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò ní Òṣogbo lórí àwọn tí kò rí ilé gbé, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni ibi tí a ó kó wọn lọ. Ẹnìkan á ní kí ìjọba kọ́ ilé ńlá kan sí ẹ̀yìn ìlú. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n wá mọ̀lẹ́bí wọn kàn, kí wọ́n sì dá wọn padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹnì kẹta á ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni. Gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí ló parí sí ọjọ́ tí ẹni náà bá wọ inú ilé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbọ́ ẹni tí yóò béèrè bí oṣù kẹta yóò ti rí, tàbí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá dé, tàbí ẹni tí yóò bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó ti pẹ́ níta kì í sábà pàdánù yàrá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó gbà á. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni, nígbà tí gbogbo àwọn tí wọ́n bá a gbé ẹrù wọlé ti gbàgbé rẹ̀.

Ó yẹ kí á mọ àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Bí ènìyàn bá gba Ọjà Ọba kọjá lẹ́yìn tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, tàbí tí ó bá rìn dé apá Stéṣọ̀n rélùwéè àti Old Garage lóru, yóò rí wọn lórí àtẹ àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn alábàárù wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ru ẹrù láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọ́n sì ń sùn síbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Àwọn opó wà níbẹ̀ tí ẹbí ọkọ kó ẹrù wọn síta lẹ́yìn ìsìnkú. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé láti máa fọ abọ́ ní búkà náà wà níbẹ̀. Bí èdèkòyedè bá ti dé láàárín wọn àti ọ̀gá wọn, wọn kò mọ ọ̀nà ibòmíràn tí wọ́n lè gbà. Àwọn bàbá wà níbẹ̀ tí wọ́n lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn ní Èkó tàbí ní Kánò, tí wọ́n sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń rí jù, débi pé tí a bá ti dárúkọ aláìnílé, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni ọkàn wa máa ń lọ, a ó sì gbàgbé ìyókù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n ṣì gbà pé kò sí ọmọ Yorùbá tí kò nílé, nítorí pé olúkúlùkù ló ní agboolé. A máa ń pa á lówe pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko, a sì máa ń bi ẹni tí ó sùn síta léèrè pé ọmọ ilé ta ni. Ìbéèrè náà dára, ìdáhùn rẹ̀ ni kò rọrùn mọ́. Yàrá tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó bá ti ìdálẹ̀ dé ni wọ́n ti fi háyà fún akẹ́kọ̀ọ́. Apá kan ilẹ̀ náà ni wọ́n ti tà láti fi sìnkú. Ẹni tí ó ti kúrò nílé láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré padà dé, kò sí ẹni tí ó mọ ojú rẹ̀ mọ́. Ìyá tí wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní agboolé kò lè padà síbẹ̀ kí ó sì sùn dé ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó sọ òkúta lu àbúrò bàbá rẹ̀ nígbà tí àìsàn rẹ̀ le kò ní rí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, bí ó tilẹ̀ ti gba ìwòsàn. Agboolé kò tí ì kú o. Mo mọ èyí tí ó ń gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra títí di òní láìka ohun tí ojú wọn ti rí sí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ agboolé di etí ara wa.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni ó tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ìlú wa, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà, onílé kì í sábà gba owó ní oṣooṣù. Owó ọdún kan ni yóò béèrè, nígbà mìíràn ọdún méjì, kí wọ́n tó wá fi owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n eéjẹ́ǹtì lé e, kí wọ́n sì tún ní kí ayálégbé mú onídùúró tí ó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ wá. Alábàárù tí ó ń rí owó díẹ̀ lójoojúmọ́ lè san owó yàrá tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó kó owó ọdún kan jọ nígbà tí ó ń sùn ní gbangba, níbi tí àwọn olè lè tú àpò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ fi owó náà pamọ́ sí báńkì, wọn yóò béèrè nọ́ńbà NIN àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì ti lè sọnù tàbí kí òjò ti bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹni tí ó ń fi orí ru àpò gaàrì láti ìdájí, tí kò sì rí ibi fi orí lélẹ̀ ní alẹ́, ń ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bú u lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìlànà tí àwọn aláṣẹ ń tẹ̀ lé dà bí àkàbà. Ẹni tí ó wà níta ní láti kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ọtí tàbí oògùn olóró, kí ó gbà láti gba ìtọ́jú, kí ó gbé ilé àjùmọ̀sùn fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì fi hàn pé òun ti yẹ lẹ́ni tí a lè fún ní ilé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọn yóò tó fún un ní yàrá tirẹ̀. Àwọn tí kò dé òkè àkàbà náà pọ̀ gan-an, torí pé kò rọrùn láti lo oògùn déédéé tàbí láti jáwọ́ nínú ọtí nígbà tí ènìyàn kò mọ ibi tí yóò sùn lálẹ́. Ní 1992, ní ìlú New York, Sam Tsemberis tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá dá àjọ Pathways to Housing sílẹ̀, ó sì yí ètò náà padà. Ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ fún ẹni náà, láìsí pé ó gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kí ó tó wọlé. Yóò máa san nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá ń wọlé fún un, yóò sì gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé. Ìlànà yìí ni ayé wá mọ̀ sí Housing First.

Orílẹ̀-èdè Kánádà dán an wò láti 2009 sí 2013 ní ìlú márùn-ún pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 2,000, tí gbogbo wọn jẹ́ aláìnílé tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ilé pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ fún ètò ìrànlọ́wọ́ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún méjì, àwọn tí wọ́n rí ilé pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn lo nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn nínú ilé tí ó dúró ṣinṣin, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ nǹkan bí ìdá 32. Ó yẹ kí á sọ òtítọ́ ibi tí agbára ètò náà mọ: ní ti àìsàn ọpọlọ fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ara wọn yá díẹ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò pọ̀. Ilé kì í wo àìsàn sàn. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fún ìtọ́jú ní ibi tí yóò ti bá ẹni náà nílé.

Filándì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jùlọ. Wọ́n dá àjọ Y-Säätiö sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1985 láti máa ra ilé, kí wọ́n sì máa fi yá àwọn tí kò nílé gbé. Ní 2008, ìjọba fi Housing First ṣe ètò gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Bẹ́ẹ̀dì tí ó wà ní àwọn ilé àjùmọ̀sùn ní olú-ìlú wọn, Helsinki, lé ní 2,000 ní 1985. Nígbà tí yóò fi di 2016, ó ku 52 péré, nítorí pé wọ́n ti sọ àwọn ilé náà di yàrá tí olúkúlùkù ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Àwọn aláìnílé tí wọ́n lé ní 18,000 ní 1987 kò pé 4,000 mọ́ ní 2022. Àwọn tí ń ròyìn Filándì fún wa máa ń dá ẹnu dúró níbi ilé tí wọ́n kọ́. Wọn kì í sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé náà lọ́sàn-án àti lóru, tí wọ́n ń bá ènìyàn ṣe fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ń parí aáwọ̀ láàárín àwọn aládùúgbò. Ní 2024, iye àwọn aláìnílé tún gbéra sókè díẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ó ti ń dín kù, ní àkókò tí ìjọba ń gé owó ìrànlọ́wọ́ kù. Ó fi hàn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí à ń ṣe tán ká sì lọ jókòó.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni ọgbọ́n yìí ti ṣẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ Arò, ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo ayé wá mọ̀ nígbà tí ó yá. Dípò kí wọ́n ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, wọ́n gba yàrá fún wọn lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ó kéré tán mọ̀lẹ́bí kan dání tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní òwúrọ̀, wọn yóò lọ gba ìtọ́jú. Ní ọ̀sán, wọn yóò padà sí àárín àwọn ènìyàn, wọn yóò ṣe iṣẹ́ oko, wọn yóò sì bá àwọn ará abúlé ṣe fàájì. Àwọn onílé ń gba owó ilé wọn, ilé ìwòsàn sì ń ran àwọn abúlé náà lọ́wọ́ nípa omi àti ìmọ́tótó. Lambo padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ètò Arò ni bí wọ́n ṣe bá àwọn onílé lò. Wọn kò bẹ̀ wọ́n ní àánú. Wọ́n san owó wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà ní ìtòsí tí yóò dá wọn lóhùn. Ẹ̀rù tí ń ba onílé ní Òṣogbo lónìí kò ju ẹ̀rù tí ó ba àwọn ará abúlé Arò lọ nígbà náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ti Arò mọ ẹni tí wọn yóò pè.

Mo ti fi ojú ara mi rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí. Àwọn ìyá kan nínú ìjọ wa gba yàrá fún obìnrin kan tí ó ti sùn fún ìgbà pípẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Yàrá náà wà nínú ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan pín wọn láàárín, tí ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ sì wà lẹ́yìn fún gbogbo wọn. Wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, korobá àti ìkòkò méjì. Gbogbo wa yọ̀, a gbàdúrà, a sì lọ sílé. Obìnrin náà kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ń tẹ́ ẹní sí, tí ó di gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan tí ó sì fi rọ orí, nítorí pé ẹni tí ó ti sùn síta ti kọ́ láti má ṣe jìnnà sí ẹrù rẹ̀ àti láti tètè gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bí alẹ́ bá sì ti lẹ́, yóò padà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà lọ jókòó. Àwọn kan ní aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìyá alákàrà tí ń kí i ní àràárọ̀ wà, ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń sùn wà. Nínú ilé tuntun yìí, kò sí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ àyàfi láti bá a wí.

Ẹ̀bi tí wọ́n sì ń dá a kì í ṣe irọ́. Kò gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ó kàn án. Ó da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó dá owó iná tirẹ̀, ó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni, ó sì pariwo dé òru. Bàbá onílé ránṣẹ́ pé kí àwọn tí ó mú un wá kíákíá wá kó o. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó lọ. Kò kọ́kọ́ wọ yàrá obìnrin náà. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí gbogbo àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Ó bá wọn kọ orúkọ ẹni tí ó kàn láti gbálẹ̀ sí ara ògiri, ó fi ààmì sí ọjọ́ tí ó jẹ́ ti obìnrin náà, ó sì pín owó iná sí ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó má baà wúwo jù fún un. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀ kí bàbá onílé.

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, bí ó bá tún ṣe ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má ì tíì bá a wí. Èmi ni kí ẹ pè, kódà bí ó bá jẹ́ òru."

Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ óò wá lóòótọ́? Torí àwọn tí ó mú un wá lọ́jọ́sí, mi ò rí ẹsẹ̀ wọn mọ́."

"Mo máa wá, sà."

"Ó dáa. Tí mo bá ti mọ ẹni tí mo lè pè, n ò ní lé e."

Ìyá náà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí abẹ́ kàlẹ́ńdà bàbá, ó sì ń wá bí ó ti ṣèlérí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni ó ń yà síbẹ̀, nígbà mìíràn láti kàn bá obìnrin náà mu ògì, nígbà mìíràn láti bá a lọ sí ọjà kí ó lè mọ iye tí ata jẹ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ oṣooṣù tí wọ́n ń gún un nítorí àìsàn ọpọlọ wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ obìnrin náà ń gbọ̀n, oorun sì ń kùn ún títí di ọ̀sán, ó ní òun kò ní gbà á mọ́. Ìyá náà kò bá a jà. Ó tẹ̀ lé e padà sí ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe é, wọ́n sì dín ìwọ̀n oògùn náà kù. Ká ní obìnrin náà dá nìkan wà ni, yóò pa abẹ́rẹ́ tì, àìsàn yóò gbéra, ariwo yóò sọ nínú ilé, onílé yóò lé e, gbogbo wa yóò sì sọ pé a ti gbìyànjú tiwa. Ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un.

Iṣẹ́ tí ìyá yìí ṣe kò ní orúkọ ńlá, kò sì sí ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀. Òun sì ni ó di yàrá náà mú. Àwọn ìṣòro mìíràn wà tí irú olùbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yóò dé. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ sùn síta yóò wá sọ pé kí ó jẹ́ kí àwọn sùn mọ́jú nínú òjò, yóò sì ṣòro fún un láti sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ onílé kò sì ní fẹ́ èrò púpọ̀ nínú yàrá kan. Ẹni tí ń mu ọtí yóò tún mu ún. Kò yẹ kí a torí èyí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé àti àlàáfíà àwọn aládùúgbò ni kí a bá a sọ. Ìdánìkanwà sì lè le ju ebi lọ. Nígbà tí onílé bá sì fẹ́ kí ẹni náà jáde lóòótọ́, òfin ní ọ̀nà tí ó là sílẹ̀: ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wà ṣáájú, oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ó ń san owó ọdún ọdún bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù kan fún ẹni tí ó ń san ní oṣooṣù, kí ó sì tún fún un ní ìwé ọjọ́ méje kí ó tó lọ sí ilé ẹjọ́. Onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn tàbí kó ẹrù ènìyàn síta. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ni kò mọ èyí, aláìnílé àná ni yóò sì mọ̀ ọ́n kẹ́yìn.

Ní ti ìjọba, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní ibùgbé tí ó dára tí ó sì tó. Abala 6 nínú ìwé òfin kan náà ló sì sọ pé ènìyàn kò lè gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ní January 2023 ni Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí a ti jogún láti ayé àwọn amúnisìn. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé láti béèrè bóyá ó jí ire. Ohun tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba má ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Nàìjíríà ti ṣe, kí wọ́n máa kó àwọn alágbe àti àwọn tí ń sùn síta sínú ọkọ̀, pàápàá nígbà tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, kí wọ́n lọ dà wọ́n sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò máa sá fún ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ nígbà tí ó bá dé.

N kò sì fara mọ́ ilé ńlá ẹ̀yìn ìlú. Alábàárù tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ yóò ná gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀kadà kí ó tó dé ọjà. Gbogbo ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ni ìlú yóò máa fi ojú ẹlẹ́wọ̀n tàbí ojú wèrè wò. Bí ó bá sì ti rẹ ẹni tí ń fi owó ràn án lọ́wọ́, gbogbo wọn ni yóò padà sí ìta lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá kan ní Òkè-Baálẹ̀, òmíràn ní Gbódọ̀fọ̀n, òmíràn ní Òkè-Fìà, láàárín àwọn ènìyàn, ni ó tọ́. Ibi ìsùn pàjáwìrì ṣe pàtàkì o, ní àárín ìlú, fún ọmọbìnrin tí wọ́n lé jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ tàbí ìyá tí ó gbé ọmọ sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí ń lù ú. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn yóò ti sùn fún ìgbà díẹ̀ ni kí ó jẹ́.

Owó tí a ó fi ṣe é wà láàárín wa ju bí a ti rò lọ. Òṣogbo jẹ́ ìlú Mùsùlùmí àti Kristẹni, àwọn méjèèjì sì ń yọ owó fún aláìní. Kùránì, nínú Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ ọgọ́ta, ka irú àwọn mẹ́jọ tí a lè fún ní sàká, tálákà, aláìní, onígbèsè àti ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà wà lára wọn. Àwọn àáfà tí mo bá sọ̀rọ̀ rí ohun tí ó burú nínú kí a máa pín in ní ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí yóò ná an tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Apá kan nínú rẹ̀ lè san owó ilé ènìyàn díẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí ó sì fún olùbẹ̀wò wọn ní owó ọkọ̀. Ọrẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ṣe bákan náà. Ó dára bí ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́ náà fúnra rẹ̀ bá lè jẹ́ ayálégbé lójú onílé, kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lórí àgírímẹ́ǹtì, kí ẹgbẹ́ sì jẹ́ onídùúró, kí ẹni tí ń gbé inú yàrá máa san ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká fún ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Kí ó máa san nǹkan kan ṣe pàtàkì, kì í ṣe nítorí owó náà, bí kò ṣe pé ẹni tí ó san owó ilé lè dá bàbá onílé lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìfi ojú bolẹ̀.

Ohun tí ó kù tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ìyá nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàgbà, orúnkún sì ń dà á láàmú. Kò dára kí ilé ènìyàn rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun gbogbo sínú ìwé kan: ọjọ́ abẹ́rẹ́, orúkọ oògùn, ọjọ́ tí owó ilé pé, ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí àìsàn tó gbéra, ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ rọ̀ ọ́ nígbà náà. Ọ̀dọ́bìnrin méjì nínú ìjọ ti ń bá ìyá náà lọ, kí ojú wọn má baà ṣàjèjì nígbà tí ó bá kàn wọ́n. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa tí ń bọ̀, àwa náà yóò gbé ọ̀rọ̀ wa lọ síwájú wọn: kí onílé kọ̀ọ̀kan tí ó bá lè ṣe é yọ yàrá kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún ọdún kan, kí ó gba owó rẹ̀ ní oṣooṣù lọ́wọ́ wa láìsí kọmíṣọ̀n, kí ó sì gba nọ́ńbà fóònù méjì tí yóò máa pè ní ọ̀sán tàbí ní òru. Bàbá onílé tí ó ní òun kò rí ẹsẹ̀ wa mọ́ nígbà kan ti ní òun yóò wá bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀.